Ẹja Tó Ń Wú, àti Ohun tí Jùbrílù Gbọ́

Ẹni tó bá mọ àwa ará etí òkun dáadáa á mọ̀ pé ẹja tó dára jù kì í dé inú ìkòkò apẹja. Ọ̀bọ̀kún ńlá, ọjà ni. Ẹja àpò tó sanra, ọjà ni. Èyí tí oníbàárà bá wò, tó yíjú kúrò lára rẹ̀, òun ni ìyá ilé ń gbé kaná. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é tipẹ́, ikùn wa kò sì bá wa jà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Alàmísì kan, àṣà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Jùbrílù lọ.

Abúlé kan tí kò jìnnà sí Zion Pepe ni Jùbrílù ń gbé, níbi tí gbogbo ilé dúró lórí òpó, tí ènìyàn ń gba orí pákó láti ilé kan dé èkejì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní ìyàwó kan, Fàsílátù, àti ọmọ mẹ́ta, Khalidat ni àkọ́bí. Ó tún ní ọ̀rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Lawrence.

Lawrence ti pẹja dé Kamẹrúùnù nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí òjò bá rọ̀, òjò Kamẹrúùnù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ọ́, o ò tíì rí ẹ̀fọn Kamẹrúùnù.

Ní òwúrọ̀ Alàmísì yẹn, àwọn méjèèjì fa àwọ̀n wọlé. Ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀. Mẹ́rin nínú wọn ní ikùn funfun, ẹnu wọn kéré, eyín wọn sì yọ síta bíi ti ehoro. Bí ọwọ́ ṣe kàn wọ́n, ṣe ni wọ́n wú, wọ́n rí roboto bí bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọdé ń gbá. Gbogbo wa la mọ ẹja yìí. Àwọn bàbá wa a máa jù ú padà sómi, wọn kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Jùbrílù ti gbé ọwọ́ láti jù wọ́n nù. Lawrence di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lo fẹ́ ṣe? Ọbẹ̀ lo fẹ́ dà sómi yẹn."

"Lawrence, bàbá mi kì í jẹ ẹ́."

"Bàbá rẹ ò dé Kamẹrúùnù. Níbẹ̀, bí ẹ̀pà la ṣe ń jẹ ẹ́. Ìwọ ṣáà ní kí ìyàwó yan án kó gbẹ dáadáa. Kí ni iná ò lè pa?"

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́ o! Òun ni mo jẹ tí mo fi sanra."

Ká ní Jùbrílù ti wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa nígbà yẹn, ìbá ti mọ̀ pé irọ́ ni. Lawrence tín-ín-rín bí àjẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni ọ̀rẹ́ ń gbà gbọ́, ó sì kó ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé.

Nígbà tí Fàsílátù rí wọn, ó yọ ṣùtì.

"Bàbá Khalidat, ẹja yìí kọ́ la máa ń jù nù?"

"Lawrence ní wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Lawrence yìí náà ló sọ fún wa pé ẹja Kamẹrúùnù ń gbọ́ Faransé."

"Yan án, kó gbẹ dáadáa."

Fàsílátù fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ sórí wáyà tó fi ń yan ẹja, ó sì kó igi sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹyin tó kún inú rẹ̀ dẹ́ńdẹ́. Ẹyin ẹja, ti baálé ni nínú ilé wọn, ó yan ìyẹn náà sọ́tọ̀. Títí oòrùn fi kàn tàrí ni èéfín fi ń rú lára wọn. Nígbà tó gbé wọn kúrò, wọ́n gbẹ, wọ́n dúdú dáadáa, òórùn wọn sì ń pe ènìyàn.

Fàsílátù ń gba ààwẹ̀ Alàmísì rẹ̀. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Jùbrílù nìkan ló jókòó ti púpurú àti ọbẹ̀. Bó ṣe gé òkèlè àkọ́kọ́ ni Lawrence ń kọjá lórí pákó.

"Lawrence, wá bá mi jẹun!"

"Mo ti yó."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Lawrence tí a mọ̀ kì í yó. Bí ẹnì kan bá yin oúnjẹ fún yín, tí òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Jùbrílù kò béèrè. Ó jẹ ẹja, ó jẹ ẹyin, ó fi omi tẹ̀ lé e, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò pẹ́ rárá tí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́.

"Ìyá Khalidat, irú ata wo lo fi sí ọbẹ̀ yìí?"

"Ata tí mo máa ń lò ni."

"Ahọ́n mi rí bí ìgbà tí òjìjí ta mí."

Fàsílátù rẹ́rìn-ín. Gbogbo apẹja ló mọ òjìjí, ẹja odò tí ènìyàn á fọwọ́ kàn, tí apá rẹ̀ á sì gbọ̀n lọ dé èjìká. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Àwọn ìka Jùbrílù kú. Ó bì. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ́ pọ̀. Kó tó pé wákàtí kan, ó ti wà nílẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ pa dé, kò sì sí ìka kan tó mira.

Igbe Fàsílátù ló kó gbogbo abúlé jọ.

"Ẹ bu epo pupa wá! Epo ló ń pa májèlé!"

"Ẹ ya ẹnu rẹ̀, ẹ dà á sí i!"

Alfa Ìsìmáílà, àbúrò bàbá Jùbrílù, kúnlẹ̀ tì í. Àgbàlagbà tí kì í kánjú ni. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ síwájú imú Jùbrílù, ó dúró, ó tún dúró. Kò mọ atẹ́gùn kan lára. Ó mi orí.

"Ìnnà lílláhì wa ìnnà ilaéhì rájíúnà. Ọma mi ti lọ. Ẹ wá aṣọ funfun. Òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀."

Orí Lawrence ló dàrú nígbà yẹn. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Jùbrílù, dárí jì mí! Mi ò jẹ ẹja yẹn rí! Kódà ní Kamẹrúùnù, ṣe ni wọ́n ń jù ú nù bíi tiwa! Ẹnu ló ń yún mi! Jùbrílù, ẹnu ló ń yún mi!"

Fàsílátù yíjú kúrò lára rẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Orí tó máa bá Jùbrílù ṣe é, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì Àràmídé wà ní ilé kẹta, ó gbọ́ igbe, ó sì ń sáré bọ̀ lórí pákó pẹ̀lú ibọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ló jẹ?"

Ẹnì kan na orí ẹja tó kù nínú àwo sí i. Ó wo eyín rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ gbé epo yẹn kúrò níbẹ̀! Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Bí ẹ bá dà á sí i, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa pa á."

Ó fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn Jùbrílù.

"Ẹ dákẹ́ o! Ẹ dákẹ́!"

Omi nìkan ló ń dún lábẹ́ ilé.

"Ọkàn rẹ̀ ń lù. Kò kú. Kò kàn lè mí dáadáa ni. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín, ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ gbogbo wa."

Ó dá orí Jùbrílù sẹ́yìn, ó fún imú rẹ̀ pa, ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Gbogbo wọn rí i bí àyà ṣe gbé sókè. Ó tún fẹ́ ẹ. Àyà tún gbé sókè. Alfa Ìsìmáílà bẹ̀rẹ̀ sí í ké Allahu Akbar láìdáwọ́ dúró.

"Ẹ wá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yá jù," ni Àràmídé wí láàárín èémí. "Èmi nìkan ò lè fẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn. Ta ni èémí rẹ̀ gùn?"

Fàsílátù nawọ́ sí Lawrence.

"Òun ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láìmí. Jẹ́ kí ẹnu yẹn ṣiṣẹ́ gidi lónìí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé Jùbrílù sínú ọkọ̀. Àràmídé á fẹ́ ẹ, Lawrence á gbà á, Fàsílátù náà á gbà á. Wọn ò jẹ́ kó dáwọ́ dúró nínú ìrìn tó tó wákàtí kan lórí omi. Àràmídé ti fóònù sílé ìwòsàn ńlá ní ìlú, ó sọ ohun tí ọkùnrin náà jẹ fún wọn. Bí ọkọ̀ ṣe gúnlẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìka ọwọ́ ọ̀tún mira. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ojú là. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, tí ohùn padà, gbogbo wọn yí ibùsùn rẹ̀ ká, wọ́n ń retí ohun tó máa kọ́kọ́ sọ.

"Lawrence," ó ní, ohùn rẹ̀ há.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo wà níbí! Mo wà níbí!"

"O ò jẹ ẹ́ rí."

Ẹ̀rín bú nínú yàrá náà débi pé dókítà yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Fàsílátù ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè sọ lọ. Lawrence ti sá jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Àràmídé wá kí wọn. Jùbrílù ti jókòó, ó ń mu ògì.

"Nọ́ọ̀sì, ohun kan ń dà mí láàmú. Mo ń sọ fún ọwọ́ mi pé kó gbéra, ọwọ́ ò dá mi lóhùn. Síbẹ̀ mo gbọ́ gbogbo yín. Mo gbọ́ Bàbá tó ní kí wọ́n wá aṣọ funfun. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

Alfa Ìsìmáílà wolẹ̀. "Ọma mi, mo tọrọ àforíjì. Mi ò mọ̀ ni."

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Àánú yín ló ń ṣe mí níbẹ̀, bí mo ṣe ń gbọ́ tí gbogbo yín ń sunkún."

Àràmídé fa àga. "Bàbá Khalidat, ṣé òjìjí ti ta yín rí?"

"Ẹ tún ń béèrè? Àìmọye ìgbà!"

"Níbo ló ti rí iná tó fi ń ta yín? Ṣé ó ní jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ omi ni?"

"Ara rẹ̀ náà ni."

"Ara tiyín náà ní in. Iná kéékèèké tí òjìjí kó jọ pọ̀ gan-an, ó sì ń dá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tiyín kéré, díẹ̀díẹ̀ ló ń sáré lára iṣan ìmọ̀lára, láti ọpọlọ dé ìka. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti débẹ̀."

"Iná? Nínú èmi Jùbrílù?"

"Nínú gbogbo wa. Ẹ gbọ́. Iṣan ìmọ̀lára yìí tín-ín-rín ju fọ́nrán àwọ̀n yín lọ fíìfíì. Omi iyọ̀ ló yí i ká. Omi wà nínú rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n irú iyọ̀ yẹn kò pọ̀ níbẹ̀, torí ara ń gbọ́n ọn síta láìsinmi, bí ẹ ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Iyọ̀ tó wà níta wá ń wá ọ̀nà àtiwọlé."

"Bí omi òkun ṣe ń wá ọ̀nà wọ odò wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," ni Fàsílátù wí.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára iṣan náà. Bí ọpọlọ bá ní kí ọwọ́ gbéra, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ á ṣí, iyọ̀ á ya wọlé. Iyọ̀ tó ya wọlé yẹn ló ń dá iná. Iná yẹn á ṣí ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà á ṣí tiwájú rẹ̀, títí á fi dé òpin iṣan. Níbẹ̀, iṣan á tú omi ara kínún kan jáde, òun ló máa sọ fún ẹran apá pé kó fà. Ọwọ́ gbéra nìyẹn. Ilẹ̀kùn á tún tì, ó di ìgbà mìíràn."

Ohùn kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Lawrence ni, kò tíì láyà láti wọlé tán. "Kí wá ni májèlé ẹja yẹn ń ṣe?"

"Ó ń dí ojú ilẹ̀kùn ni. Ọpọlọ ń pàṣẹ, iyọ̀ wà níta, kò sí ibi tó máa gbà wọlé. Iná ò dá, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ò dé. Ètè àti ahọ́n ló kọ́kọ́ ń kú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá kan iṣan tó ń mú kí àyà mí, ibẹ̀ ni ikú wà. Kì í sábà ráyè wọ inú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí Bàbá Khalidat fi mọ ohun tó ń lọ. Àwọn ilẹ̀kùn tó wà lára ọkàn sì yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn ni ọkàn ṣe ń lù lọ bí a ṣe ń fún un ní afẹ́fẹ́."

"Mo yan án títí ó fi gbẹ," ni Fàsílátù wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀bi yín kọ́. Iná ń pa kòkòrò. Kì í pa májèlé yìí. Sísè ò pa á, yíyan ò pa á, iyọ̀ àti oòrùn ò pa á. Ẹ̀dọ̀ ẹja náà, ẹyin rẹ̀ àti awọ rẹ̀ ló sì burú jù."

"Oògùn wo lẹ wá fi pa á lára mi?"

"Kò sí oògùn kankan tó ń pa á. Ara yín ló ń tọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tiwa ni ká máa bá yín mí títí tó fi tán. Èémí Lawrence ló gbé yín dé ibi ẹ̀rọ."

Jùbrílù yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Lawrence, wọlé."

Lawrence wọlé, ó ń wolẹ̀.

"Èémí tí o fẹ́ sí mi lẹ́nu ń rùn ògógóró. Mo fẹ́ pariwo pé Mùsùlùmí ni mí, mi ò rí ẹnu wí i."

Alfa Ìsìmáílà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo mu ún," ó ní. Lawrence di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí tún wà lórí omi. Wọ́n fa àwọ̀n, ẹja méjì sì wú bọ̀ǹbọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó wà nínú ọkọ̀ kejì mọ ìtàn náà, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Lawrence! Ṣé ẹ jẹ ẹ́ ní Kamẹrúùnù?"

Lawrence mú ẹja náà pẹ̀lú àkísà, ó jù ú sómi jìnnà réré.

"Mi ò jẹ ẹ́ rí. Ẹ̀yin náà, ẹ jù ú nù."

Jùbrílù sọ fún wa pé ọgbọ̀n ọdún lòun ti mọ Lawrence, ọjọ́ yẹn sì lòun kọ́kọ́ gbọ́ kó sọ níwájú àwọn ènìyàn pé nǹkan kan wà tí òun kò ṣe rí. Ó ní ó dùn mọ́ òun ju ẹja tí wọ́n pa lọ.

Ẹ̀yin ará wa létí òkun àti létí odò, láti Etíkàn títí dé Òde Mahin, ọ̀rọ̀ wa rèé. Ẹja tó ń wú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ má sì fún adìyẹ tàbí ajá jẹ. Ẹ má sọ pé ẹ máa yọ ẹ̀dọ̀ àti ẹyin rẹ̀ kúrò. Ọ̀bẹ ilé kò mọ ibi tí májèlé náà parí sí. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, torí àwọn bàbá wa tó kàn ń jù ú nù láìsọ̀rọ̀ ló jẹ́ kí ẹnu dídùn rí ọ̀nà gbà. Abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tó bá sì ní "mi ò mọ̀" kò tíì pa ẹnikẹ́ni.

Bí ètè tàbí ahọ́n ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn tó jẹ ẹja, ẹ má dúró wò ó. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní kíá, ẹ mú èyí tó kù nínú ẹja náà dání kí dókítà lè rí i, ẹ sì fóònù ṣáájú. Kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bó bá ń bì. Ẹ má fún un ní epo, mílíìkì tàbí àgbo. Bí èémí rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ bá a mí, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín bí ó bá ń rẹ̀ yín, ẹ má sì dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tó wà lágbègbè yín kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí Jùbrílù ní ká bá òun fi kún un. Ó ní bí ẹ bá yí ẹni tí kò lè mira ká, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sì sọ fún un pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ó ń gbọ́ yín.